Ìka Mẹ́ta Tó Kúrò Lára Igi

Ìka mẹ́ta péré ni. Lójú ẹni tí kò mọ odò, kí ni ìka mẹ́ta já mọ́? Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta ló sọ odò ńlá yẹn di omi lásán, òun náà ló sì mú kí Baba Òṣùwọ̀n máa wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ Baba Òṣùwọ̀n ni láti máa wọn ẹja àrọ̀ ní èbúté, ọdún kọkànlá rèé. Apẹja tó bá ti odò dé gbọ́dọ̀ gbé agbọ̀n rẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Á tẹ́ ẹja sórí pèpéle sìmẹ́ńtì, á fi ìdí igi ìwọ̀n ti ẹnu ẹja, á wá wò ó bóyá ìrù rẹ̀ dé ibi àmì pupa tó wà lókè igi. Àrọ̀ tí kò bá dé ibẹ̀, kò tíì yé ẹyin rí láyé rẹ̀, omi ló ń padà sí. Òfin nìyẹn. Ẹni tó bá pa á, ó pa ìyá, ó pa ọmọ, ó tún pa ọmọ-ọmọ mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ apẹja, ló gbẹ́ igi náà fún un lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́. Àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ló là, ó gbẹ́ igi méjì nínú rẹ̀ tó dọ́gba bí ìbejì. Ó fún àbúrò ní ọ̀kan, ó fi ìkejì sínú ọkọ̀ tirẹ̀, kó lè máa wọn ẹja tirẹ̀ kó tó gúnlẹ̀. Inú Baba Òṣùwọ̀n dùn dé ẹ̀yìn eyín. Ló bá dá àṣà kan sílẹ̀: kó tó wọn ẹja ẹnikẹ́ni, á kan ìdí igi mọ́ sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mẹta, gbà! gbà! gbà! Á ní, "Ó yá, ẹ tò! Òfin ti jí o!" Àwọn apẹja á bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn ju bó ti yẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, olú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹja odò rán ọ̀gá obìnrin kan wá wádìí ohun tó ń pa àrọ̀ run nínú odò. Obìnrin náà ò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fa rúlà onírin yọ nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Bàbá, igi yín ti dín ní ìka mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ló ti jẹ."

Baba Òṣùwọ̀n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Ó dojú igi kọ òkè, ó rí ìdí rẹ̀ tó ti rún wómúwómú. Yéè! Gbogbo ìgbà tó ń kàn án mọ́lẹ̀, tó ń pariwo pé òfin ti jí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gé òfin kúrú. Bí ìdí igi ṣe ń jẹ ni àmì pupa ń sún mọ́ ilẹ̀, tí ọmọ àrọ̀ tí kò tíì yé ẹyin rí ń kọjá lọ sọ́jà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn.

"A máa ti odò yìí pa fún ọdún mẹ́ta," obìnrin náà wí, ó ń kọ̀wé. "Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé kò sẹ́ni tó kíyè sí i rárá? Ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi," ni Baba Òṣùwọ̀n dáhùn.

Irọ́ gbuu! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un, lójú gbogbo ayé, lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ó mú igi tirẹ̀ wá láti inú ọkọ̀, ó ní, "Àbúrò, gbé tìẹ wá ká fi wé tèmi. Kíkàn tí ò ń kàn án yẹn ti ń jẹ ẹ́ nídìí. Ọmọ ẹja lo ń jẹ́ kí wọ́n máa kó lọ."

Aláwàdà kan wà lórí ìlà. Ó ní, "Òṣùwọ̀n, wọ́n ti wá wọn ìwọ náà lónìí o!" Èbúté wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ojú ti Baba Òṣùwọ̀n, ìtìjú sì di ìbínú. Ajá tó máa sọnù, ṣé ó ń gbọ́ fèrè ọdẹ?

"Ẹ̀gbọ́n, nílé lẹ ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ibí yìí, èmi ni òfin. Ẹ gbé igi yín kúrò níwájú mi."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ìlà. Ó mú àrọ̀ kékeré méjì nínú agbọ̀n ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ó jù wọ́n sódò. Bẹ́ẹ̀, òfin sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹja ẹlẹ́ja, ìwé àṣẹ ẹja pípa rẹ̀ bọ́. Baba Òṣùwọ̀n na ọwọ́, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ẹni tó fi ẹja pípa rán an nílé ìwé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Lónìí, Baba Òṣùwọ̀n wo rúlà onírin yẹn títí, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó ki igi sábẹ́ apá, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Láti ọdún márùn-ún, kò yà síbẹ̀ rí.

Yàrá kan ni, lẹ́yìn ilé ńlá kan, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ìgò tó dọ̀tí kún ẹnu ọ̀nà, nítorí ìgò ni ẹ̀gbọ́n ń fọ̀ jẹun báyìí fún iléeṣẹ́ kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí i.

"Háà, ọkọ mi! Ṣé ẹ ṣìnà ni?"

Ẹ̀gbọ́n wà lórí àpótí, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ báàfù. Baba Òṣùwọ̀n dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè ló rí ìkejì igi yẹn, wọ́n fi dábùú fèrèsé. Ó dìde, ó fi tirẹ̀ wé e. Ìka mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jàre. Wọ́n máa ti odò pa fún ọdún mẹ́ta."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ẹ̀gbọ́n wí. "Àrọ̀ á rójú mí." Ó fa ìgò kan yọ. "Ṣé wọ́n bi ọ́ bóyá ẹnì kan ti sọ fún ọ?"

"Wọ́n bi mí."

"Kí lo wí?"

Baba Òṣùwọ̀n wolẹ̀. "Mo ní kò sẹ́nì kankan."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n pòṣé. Ẹ̀gbọ́n dá ìgò padà sómi, ó ní, "Jọ̀ọ́, fún un lómi mu. Inú oòrùn ló ti rìn wá."

Ká ní ó bú u ni, ká ní ó tiẹ̀ gbá a létí, ìbá sàn! Baba Òṣùwọ̀n ò lè mu omi náà. Eré ló sá padà sí èbúté, ó bá obìnrin náà níbi tó ti ń pa báàgì dé.

"Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi, mo sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀."

Obìnrin náà wò ó. "Tí mo bá kọ èyí sílẹ̀, iṣẹ́ yín ti lọ nìyẹn, Bàbá."

"Ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìwé àṣẹ náà dé yàrá yẹn. Òǹtẹ̀ tuntun wà lára rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí odò ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó kà á láti òkè délẹ̀.

"Màá ti pé méjìléláàádọ́rin nígbà yẹn," ó wí. "O ṣeun, àbúrò. Odò á ti kún fún àrọ̀."

Ó fẹ́ ká ìwé náà kó lè fi sápò. Ìwé ò ká. Ọdún márùn-ún nínú omi ìgò ti mú oríkèé ìka rẹ̀ wú, wọn ò ṣeé ká mọ́. Ọwọ́ yẹn ló la àjẹ̀, òun ló gbẹ́ igi méjì. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dáwọ́ dúró.

Baba Òṣùwọ̀n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a ká a, ó sì fi í sí àpò ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n.