Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Orí Dìbò ní Gáréèjì Ọ̀fà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo kí yín o, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìlú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àlọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá àwọn tó ń ná Gáréèjì Ọ̀fà, ní Ìlọrin níbí, nígbà tí sọ́jà ṣì ń ṣèjọba tí wọ́n ní àwọn fẹ́ẹ́ lọ.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nígbà náà, Àdìsá lorúkọ ẹ̀, iṣẹ́ gbàjámọ̀ ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù páànù ni, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níwájú ẹ̀. Bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ló ń pe oníbàárà. Èèyàn lè má nírun tó yẹ ní fífá, á ṣáà yà jókòó kó gbọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá jókòó pẹ́, Àdìsá á máa wo orí ẹ̀, á máa wò ó títí ojú á fi ti onítọ̀hún, á bọ́ sórí àga.

Àwọn méjì ló ń mú bẹ́ǹṣì náà gbóná. Àáfà Salahudeen, ọmọ Ìlọrin gidi, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Èkejì ni Tísà Fọlọ́runṣọ́, ará Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé Adéwọlé. Tísà kì í ṣí fìlà lórí, irùngbọ̀n nìkan ló máa ń gbé wá fún Àdìsá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí ọ̀kan ò bá tíì dé, èkejì á máa wo ọ̀nà.

Àfi ìgbà tí rédíò ń pariwo pé àwọn kan ti jókòó sí Àbújá, pé wọ́n ń ṣe òfin tuntun tí wọ́n máa fi ṣèjọba gbogbo Nàìjíríà. Ìjà bá dé. Àwọn tó ń kọjá rò pé ìjà ẹ̀sìn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àáfà ní ká gbà á bẹ́ẹ̀, kí sọ́jà tètè máa lọ sí báréèkì. Ó ní ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ògiri ẹ̀, èèyàn ṣì lè kó wọ̀ ọ́, kó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Tísà ní òun ò gbà, ta ló bi wá? Ó ní wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fi òǹtẹ̀ lù ú, ẹnikẹ́ni ò ní kan ilẹ̀kùn kan ní àdúgbò Basin níbí pé ẹ̀yin ará ibí, ṣé ẹ gbà. Àáfà ní bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa bi èèyàn Nàìjíríà lọ́kọ̀ọ̀kan, sọ́jà á hewú lórí àga ìjọba.

Bẹ́ǹṣì bá pín sí méjì. “A gbà” lápá ọ̀tún, “a ò gbà” lápá òsì, wọn ò sì kí ara wọn mọ́. Ohun tó wá ká Àdìsá lára ni pé apá méjèèjì ń bi í pé níbo lòun wà. Èyí tí ìdáhùn ẹ̀ ò bá tẹ́ lọ́rùn, ó dájú pé ṣe ló máa gbé orí ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Danjuma, onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì. Bó bá ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ìdajì oníbàárà ẹ̀ ti lọ.

Asabe ìyàwó ẹ̀ ní kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó lóun ti rí ọgbọ́n dá, kí wọ́n dìbò. Kò sí bébà, kò sí àpótí, orí ni wọ́n á fi dì í. Ẹni tó bá gba òfin, kó wá fárí kodoro. Ẹni tí ò bá gbà, kó dá irun sí. Tó bá di ìparí oṣù, wọ́n á ka orí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, Àdìsá bá lọ pọ́n abẹ.

Ẹ ò rí àṣìṣe ọkùnrin yìí. Àwọn ará Àáfà, tí wọ́n ti ń fárí tẹ́lẹ̀, wá, wọ́n fárí, wọ́n lọ. Àwọn “a ò gbà” ò wá, kí ni wọ́n fẹ́ẹ́ wá ṣe? Àwọn tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé òfin kan wà náà bọ́ sẹ́yìn “a ò gbà,” nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Danjuma, tí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ náà ti dá, sọdá títì, ó wá ń bi Àdìsá pé ṣé ìwọ lo ní kí ọmọ aráyé má fárí mọ́. Asabe ò jẹ́ kó gbádùn nílé. Ó ní, “Onígbàjámọ̀ tó fòfin de irun fífá. Ó kù kí alápatà ní ká má jẹran mọ́.”

Ọjọ́ tí wọ́n máa ka orí pé. Àwọn kan dé, irun wọn ṣù bíi ti àgùntàn. Àáfà rí i pé àwọn tòun ò pọ̀ tó, ó bá nàka sí Tísà.

“Tísà, ṣí fìlà. Orí là ń kà, a ò ka fìlà.”

Tísà kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, ó ṣí i. Orí ń dán bí àwo tánganran, kò sí ẹyọ irun kan níbẹ̀.

“Alihamdulilahi,” Àáfà ní, “olórí wọn ti bọ́ sọ́dọ̀ wa.”

Àwọn ará Tísà ní irọ́ ni, ṣé wọn ò rí irùngbọ̀n tó dá sí láti ọjọ́ yìí ni? Ẹnì kan ní a jẹ́ pé orí ẹ̀ gbà, irùngbọ̀n ẹ̀ ò gbà, ó ti dìbò lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bẹ́ǹṣì dé. Wọ́n yí sí Àdìsá pé kó dájọ́ kíá. Bó bá dá a sọ́tùn-ún, ó gbé. Bó bá dá a sósì, ó gbé.

Tísà ló gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ wò mí dáadáa. Irun yìí, èmi kọ́ ni mo ní kó lọ. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni, kò sí mọ́, kò sẹ́ni tó bi mí. Ohun tí mò ń bá àwọn ará Àbújá fà nìyẹn. Ṣé a máa ń fárí lẹ́yìn olórí ni?”

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àáfà rín títí, ó ń fi láwàní nu ojú. Ó ní, “Wallahi, òní lọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí létí. Mo ṣì gba òfin wọn o. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n bi ọ́.”

Ibẹ̀ ni Àdìsá ti rọ́nà. Ó mú abẹ, ó lọ dúró níwájú Tísà. “Tísà, èmi bi yín o. Ṣé kí n fá irùngbọ̀n yìí, àbí kí n fi í sílẹ̀?”

Tísà wò ó. Ó rìn lọ sórí àga, ó jókòó. “Ní gbogbo Nàìjíríà, ìwọ nìkan lo bi mí. Fá a.”

Bí àwọn tó kù ṣe tò sẹ́yìn ẹ̀ nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó gbà kí abẹ kan òun láìjẹ́ pé Àdìsá kọ́kọ́ bi òun. Wọ́n pọ̀ débi pé ó ní láti ké sí Danjuma kó gbé abẹ tiẹ̀ wá. Àáfà àti Tísà ti jókòó tira wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tún ti ń jiyàn. Àdìsá ní kí wọ́n jiyàn dáadáa, oníbàárà ń bọ̀.

Ó dọwọ́ yín o. Bí ọ̀rọ̀ òfin ìlú bá ti da àdúgbò tiyín rú bẹ́ẹ̀ rí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín kó bá yín kọ ọ́. Kó ṣáà má yọ ibi ẹ̀rín kúrò.