Pàṣán Níwájú Kámẹ́rà

Pàṣán tún balẹ̀ lẹ́yìn Kúnbi, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo ilé ìjọsìn náà kan.

"Jẹ́wọ́!" Wòlíì Èyítáyọ̀ jágbe mọ́ ọn. "Ta ló pa ọkọ rẹ?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, Dádì. Ọsibítù ló kú sí. Àbúrò rẹ̀ nìyẹn, ẹ bi í!"

Ọládùnjoyè, àbúrò ọkọ náà, káwọ́ gbera lórí àga iwájú. Òun ló mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ìjọ yìí ní Orozo, lẹ́bàá Àbújá, tó ní àdúrà ìtùnú lásán ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Irọ́ gbuu! Ilé tí olóògbé fi sílẹ̀ ló ń wá. Bí Kúnbi bá jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé òun ló pa ọkọ òun, àwọn ẹbí ní Kàbbà kò ní jẹ́ kó sùn nínú ilé náà mọ́, wọn yóò sì gba Olúwadárasími ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kúnbi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ pàṣán tí kò jẹ́wọ́.

Ní ìjọ yìí, àwọn ará orí fóònù láṣẹ ju àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ. Wọ́n ń wo ìsìn lórí Fesibúùkù láti Zuba, láti Lọ́ńdọ̀nù, láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ ni Olúfúnkẹ́, tó ń mójú tó kámẹ́rà, ń kà síta. Bí "Àmín" bá ti pọ̀, Wòlíì á ní Ẹ̀mí Mímọ́ ti fọhùn. Ẹ̀mí Mímọ́ tó ń jẹ dátà!

"Kí làwọn ará wa wí?" Wòlíì bèèrè, ó ń nu òógùn ojú.

"Wọ́n ní kí ẹ fi kún un, Dádì."

Ó fi kún un. Etí Kúnbi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ṣàn sọ́rùn búláòsì rẹ̀. Nígbà tó ṣubú, àwọn ọkùnrin méjì gbé e dìde bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Kò sẹ́ni tí ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó ń kọ "Àmín".

Ìbídùnní jókòó nítòsí ògiri, kò jìnnà sí wọn rárá. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan ní Àbújá. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí ẹ̀sìn padà láwùjọ ló ń ṣèwádìí lé lórí. Wòlíì fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń pè é ní "Dókítà wa", ó sì ń retí ìwé tí yóò gbé orúkọ òun dé òkè òkun. Ká ní ó dìde tó ní ó tó ni, Wòlíì ì bá dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ pé olùwádìí kì í dá sí ohun tó ń wò.

Kúnbi rí i. Wọ́n ti kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ọmọ Kàbbà lòun náà.

"Àǹtí, ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ pa mí!"

Ìbídùnní fa fóònù yọ, ó wọ abẹ́ fídíò náà, ó fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ẹ má nà án mọ́. Ìwà ọ̀daràn nìyí. Opó ni, kì í ṣe àjẹ́." Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe gudugudu méje.

Lójú ẹsẹ̀ ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ fídíò. Àwọn kan ń bú Wòlíì, àwọn kan ń gbèjà rẹ̀, èrò sì ń pe èrò. Èyí tó ká mi lára jù ni pé Ìbídùnní yìí kan náà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé àríyànjiyàn ni oúnjẹ fídíò, òun ló ń mú kó tàn kálẹ̀.

"Dádì!" Olúfúnkẹ́ ké. "Ẹnì kan ń bẹ̀bẹ̀ fún un! Èèyàn sì ń ya wọlé sórí fídíò o!"

Wòlíì rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. "Kai! Àwọn àjẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa!"

Ó yí pàṣán padà, igi ìdí rẹ̀ ló fi gbá a lójú. Kúnbi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo pa á. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọládùnjoyè ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Ìbídùnní gbé ọsàn lọ bẹ Kúnbi wò ní ọsibítù, wọ́n ti yọ ojú òsì rẹ̀. Ọládùnjoyè ti pààrọ̀ àgádágodo ilé. Olúwadárasími ti wà ní Kàbbà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pè é ní ọmọ àjẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," Ìbídùnní wí, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ó dùn mí gan-an. Mi ò ní dárúkọ yín nínú ìwé mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Kúnbi fi ojú kan tó kù wò ó títí.

"Nígbà tí mo pè yín, mo rí i tí ẹ mú fóònù," ó wí. "Ó ti rẹ̀ mí nígbà yẹn, mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Mo wá ní kí n fara dà á díẹ̀ sí i, pé ọlọ́pàá lẹ ń pè."