Ibi Tí Bírò Pupa Ti Dúró

Bí Ìyá Bírò Pupa bá jókòó ti ìwé, àṣìkọ kì í ríbi sá sí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi yẹ ìwé wò ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ bírò ò fẹ̀yìn tì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọmọkùnrin àbúrò rẹ̀, tó tọ́ dàgbà, ló jókòó níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yìí. Ìwé ìtàn Faransé kan ló gbá mọ́ àyà. Òun ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìtàn ọmọkùnrin méjì ni, ẹni ogún ọdún: ọ̀kan ń ṣe búrẹ́dì, èkejì ń kun ọkọ̀ ojú omi lọ́dà, ìfẹ́ ara wọn sì kó sí wọn lórí. Olùtúmọ̀ ò sọ ìyẹn fún Ìyá. Ó rò pé ìwé ni yóò la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ti gbé mì láti ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń túmọ̀ ni ojora mú un, ó sì fi nǹkan bò.

Ìyá gbàdúrà ṣókí, ó wá ń ka ìtumọ̀ náà sókè bí wọ́n ti ń ṣe nílé ìtẹ̀wé, ó ń pe àmì bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀:

"'Ọ̀rẹ́ mi, kọ́mà, láti ọjọ́ tí o ti lọ, kọ́mà, oorun ò kùn mí mọ́, àmì ìdúró. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sunkún lójú fèrèsé, kọ́mà, ọ̀rẹ́ mi...'"

Bírò dúró.

"Kí ni Faransé pè é níbí yìí?"

"Ọ̀rẹ́ náà ni, Ìyá."

"Bó o bá fẹ́, purọ́ fún mi, ṣùgbọ́n má purọ́ mọ́ ìwé. Ọ̀rẹ́ wo ló ń fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún lójú fèrèsé? Nígbà tí ọ̀rẹ́ tèmi kó lọ, mo ní ó dàbọ̀, mo padà lọ fọ aṣọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Olùtúmọ̀, ẹ̀rù ò jẹ́. "Olólùfẹ́ ni, Ìyá."

"Ta lo wá ń bò ó fún?"

"Ẹ̀yin ni. Gbogbo àárọ̀ lẹ máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀."

"Mo kúnlẹ̀ ni, mi ò fọ́jú." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Káfíńtà tó tún ilẹ̀kùn mi ṣe ńkọ́? Ẹni tó ń yọ alùbọ́sà kúrò nínú oúnjẹ rẹ kó o tó bèèrè. Ọ̀rẹ́ lòun náà?"

Olùtúmọ̀ wolẹ̀.

"Rárá, Ìyá. Olólùfẹ́ mi ni."

Ìyá dé bírò lórí, ó ṣí i, ó tún dé e.

"Ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi gba ìrísí rẹ̀," ló wá ń kì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Abìrìn-jẹ́jẹ́, abẹ̀rín-bí-ojúmọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ Ọlọ́run pé kó fún ọ lẹ́nu tí wàá fi sọ ọ́ fún mi. A kì í ní ẹ̀jẹ̀ nínú ká tutọ́ funfun. O kàn jẹ́ kí eékún dùn mí ni."

Ó na bírò pupa sí i.

"Gbà. Ìwọ lo kọ irọ́, ìwọ ni wàá fọwọ́ ara rẹ gé e. Bá a bá parí, pe Káfíńtà wá jẹun. Ilẹ̀kùn yẹn tún ti ń ké."

Olùtúmọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì fa ìlà pupa la 'ọ̀rẹ́' já.

Ìyá gbé awò ojú wọ̀. "Ó yá. 'Olólùfẹ́ mi, kọ́mà...'"