Àwòrán Tí Junrey Kò Ṣí Wò

Lorelie kò tíì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tán ní yàrá àwọn olùkọ́ tí Manang Bebeng, olùkọ́ ìṣirò, fi na fóònù sí i, tó sì kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò fẹ́ rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àkọlé ìròyìn kan ló wà níbẹ̀, lẹ́tà pupa gàdàgbà: KAPITAN PUNTA LAWIS KÓ ÌRẸSÌ ÀWỌN TÍ ÌJÌ BA ILÉ WỌN JẸ́ PAMỌ́ SÍLÉ ARA RẸ̀.

Tatay Isidro, Kapitan, ìyẹn olórí àdúgbò Punta Lawis, ni bàbá tó bí Lorelie lọ́mọ.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló dùn ún. Ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Ojú Òtítọ́ ló gbé ìròyìn náà jáde, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ ewé, ẹgbẹ́ òṣèlú olórí ìlú, ló ń darí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Tatay Isidro ti kọ̀ láti so àsíá wọn mọ́ gbọ̀ngàn àdúgbò ni wọ́n ti ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Pé wọ́n purọ́ kò ya Lorelie lẹ́nu. Ohun tó gún un lọ́kàn ṣàkà ni orúkọ ẹni tó pín irọ́ náà kiri Punta Lawis. Junrey ni. Junrey tirẹ̀, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ Lorelie lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ mẹ́ta péré sí i. Ó tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí pé: "Ọkùnrin gidi kì í bẹ̀rù láti sọ òtítọ́, kódà kó kan àwọn tó fẹ́ràn."

Dátà wà lórí fóònù Manang lọ́jọ́ náà, Lorelie sì ṣí ìròyìn náà. Ìlà mẹ́rin ló wà lábẹ́ àkọlé yẹn. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sí ẹlẹ́rìí kankan, wọn ò sọ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí àwòrán tí wọ́n fi sí i. Àwọn èèyàn tò sílẹ̀ níwájú ilé ìjọsìn Punta Lawis, Tatay Isidro wà lápá kan pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹni kejì lórí ìlà náà sì ru àpò ìrẹsì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ya àwòrán. Lorelie fi ìka méjì fẹ ojú obìnrin náà. Nanay Pasing ni, ìyá Junrey.

Ẹ̀rín kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gbígbẹ tó mú kí Manang Bebeng yíjú padà. Manang béèrè bóyá ó fẹ́ omi. Kò fẹ́ omi.

Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà bí wọ́n ṣe ń yẹ ìròyìn wò. Ta ló kọ ọ́? Ìgbà wo? Ta ló máa jèrè bí mo bá gbà á gbọ́? Ta tún ló sọ ọ́ yàtọ̀ sí ẹni yìí? Ọdún mẹ́rin gbáko ló ti ń fọhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ọ̀fun rẹ̀ fi máa ń gbẹ, tí Junrey á sì máa dúró dè é lẹ́nu géètì lọ́sàn-án, pẹ̀lú omi àgbọn tútù lọ́wọ́, tó ń wò ó bí ẹni pé òun nìkan lobìnrin tó kù ní erékùṣù náà. Ṣé gbogbo ìgbà tó ń wò ó yẹn, kò gbọ́ nǹkan kan?

Bí iléèwé ti parí, ó gba etíkun lọ tààrà. Ibẹ̀ ni Junrey ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì kan, òòrùn ń dán lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo inú tó ń bí Lorelie, ọkàn rẹ̀ tún fò nígbà tó rí ọrùn náà. Ó bínú sí ọkàn náà pẹ̀lú.

"Palangga," Junrey ní, orúkọ tó máa ń fi kẹ́ ẹ. "O tètè dé lónìí."

"Má pè mí ní palangga. Kí lo pín láàárọ̀ yìí?"

Junrey nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé yóò dùn ún. Ó ní kì í ṣe pé òun kò bọ̀wọ̀ fún Tatay, àní nítorí ọ̀wọ̀ náà ni. Ìwé kan tí òun ń kà ló la òun lójú. Ó na ọwọ́ sínú àpótí irinṣẹ́, ó yọ ọ́ jáde: *Ọkùnrin Tí Kì Í Bẹ̀bẹ̀*, láti ọwọ́ Kóòṣì Rigo Altamar. Ó fi ọ̀rá wé e kí òróró má bàa kàn án. Lorelie rántí gbogbo lẹ́tà tí òun ti kọ sí i. Kò sí èyí tó rí ọ̀rá gbà nínú wọn.

"Ṣé o ka ìròyìn yẹn?" ó béèrè.

"Mo kà á."

"Kí ló wà ní ìlà kejì?"

Junrey wo ẹ́ńjìnnì. "Ìlò ọ̀fẹ́ ni mò ń lò, Lorelie. O mọ̀ pé kì í ṣí."

"Àwòrán rẹ̀ ńkọ́?"

"Àwòrán wà níbẹ̀?"

Bí gbogbo Punta Lawis ṣe ń kàwé nìyẹn. Dátà kì í sábà sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ sì rèé, ọ̀rọ̀ orí ìròyìn nìkan ló máa ń gbé wá. Níbi tó yẹ kí àwòrán wà, àpótí aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń rí. Bí èèyàn bá tẹ ìròyìn náà kó lè kà á, kò ní ṣí. Àkọlé ni wọ́n ń jẹ, àkọlé ni wọ́n ń mu, àkọlé náà ni wọ́n fi ń bára wọn jà ní ṣọ́ọ̀bù Manang Luz láti ìgbà tí ìpolongo ìbò ti bẹ̀rẹ̀. Lorelie mọ èyí. Àmọ́ kò mọ̀ pé ọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́ lè di àkọlé mú bẹ́ẹ̀ kó fi lu bàbá òun.

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́," Junrey ní. "Bí kì í bá ṣòótọ́, kí ló dé tí Tatay ò tíì fèsì?"

"Nítorí pé ẹnu ń ya òun náà. Ọmọ tó ń jẹun nílé rẹ̀ ló gbé e kiri. Yọ ọ́ kúrò, kí o sọ pé o ṣàṣìṣe."

"Kóòṣì ní bí ọkùnrin bá ti sọ̀rọ̀, kó má kó o jẹ. Ó ní ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀, obìnrin rẹ̀ gan-an kò ní kà á sí mọ́."

Lorelie já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè sọ fún un nígbà náà ta ló wà nínú àwòrán yẹn. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ó ní. "Kí gbogbo yín wá."

Nígbà tó délé, Tatay Isidro jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń bọ̀ láti iléèwé máa ń yà síbẹ̀ láti gba ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi kan iwájú orí wọn, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Mẹ́rin kọjá lójú Lorelie lọ́jọ́ náà. Èyí tó dàgbà jù fa ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tó ti fẹ́ yà, wọ́n sì kọjá wàràwàrà. Tatay ti na ọwọ́. Ó dá a padà sórí àwọ̀n.

"Wọ́n ń kánjú, Inday," ó sọ fún Lorelie, orúkọ ìkẹ́ tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin.

Lorelie wọlé, ó fi ìrọ̀rí bo ojú, ó ké. Lẹ́yìn náà ó jáde wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí àwọn ará ilé Junrey má wulẹ̀ wá mọ́. Tatay ní rárá o. Ó ní òun kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ Pasing nítorí ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gun àtẹ̀gùn wá. Nanay Pasing gbé ọbẹ̀ molo lọ́wọ́, ó ti di irun rẹ̀ dáadáa, ó wọ aṣọ tuntun. Junrey wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó rẹwà débi pé Lorelie ní láti máa wo ilẹ̀. Tiyo Berting, àgbà kan nínú ìdílé Junrey, ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ. Ó ní, "Kapitan, ọmọ wa yìí kò mọ nǹkan mìíràn ju ẹ́ńjìnnì lọ. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ gan-an ti daṣẹ́ sílẹ̀. A fà á, a tì í, ó ní bí òun ò bá rí Inday òun ò ní jí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tatay pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé ojú rẹ̀.

Lorelie dìde. Ó ti fi dátà sórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí bàbá òun tó dáhùn, òun fẹ́ kí Junrey ka nǹkan kan fún àwọn àgbà. Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Junrey ka àkọlé náà, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i bó ṣe ń kà á lọ. Tiyo Berting dẹ́kun ẹ̀rín.

"Ṣí i," Lorelie ní.

Ó ṣí i.

"Kí ló wà nínú àwòrán náà?"

"Àwọn èèyàn. Wọ́n tò síwájú ilé ìjọsìn."

"Ta ni ẹnì kejì?"

Junrey fẹ́ dá fóònù náà padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Nanay Pasing wá dìde, ó gbé awò tó so mọ́ ọrùn rẹ̀ sójú, ó gba fóònù náà.

"Èmi nìyí," ó ní. Ó tún wò ó. "Èmi nìyí o. Kapitan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpò yìí lé mi lórí, tó tún ní kí n má jẹ́ kómi kàn án." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Junrey. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìjì yẹn, kí lo jẹ? Iyanrìn ni?"

Nanay Pasing jókòó, ó ń fi etí aṣọ tuntun rẹ̀ nu ojú, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Tatay lórí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyẹn ló bí Lorelie nínú jù. Ìyá ń bẹ̀bẹ̀, ọmọ jókòó tì í gbọnin-gbọnin.

Nígbà tó yá, Junrey ní òun yóò tún un ṣe. Ó ní kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òun yóò kọ ọ́ síbi tí òun kọ ti àkọ́kọ́ sí pé irọ́ ni. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Tatay mi orí, ó gbà. Ó ní bó bá ti ṣe é, kó padà wá gba èsì, kí wọ́n jẹ́ káwọn jẹun kí molo tó tutù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Lorelie ka ohun tí Junrey kọ, ó dúró lójú ọ̀nà iléèwé bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àwọn olè orí ayélujára ló gba ojú ewé mi lọ́wọ́ mi, àwọn ló fi orúkọ mi pín ìròyìn ọjọ́sí. Mo ti gbà á padà. Ọlọ́run bù kún yín." Kò dárúkọ Kapitan. Kò sọ pé irọ́ ni. Àádọ́ta èèyàn ti bá a kẹ́dùn.

Ó bá a létíkun lọ́sàn-án.

"Mo ti yọ ọ́ kúrò, Lorelie. Ṣé ìyẹn kọ́ lo fẹ́?"

"Olè wo ló wọ fóònù rẹ, Junrey?"

"Ọ̀rọ̀ lásán ni. Kí n máa pariwo kiri pé mo gọ̀? Àwọn oníbàárà mi ńkọ́? Kóòṣì ní—"

"Kóòṣì." Ó yọ ìwé náà nínú báàgì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. "Ẹni márùn-ún ló yìn ín níbí. Ka orúkọ wọn. Marlon Altamar. Gina Altamar. Dókítà Nestor Altamar, àti àwọn méjì tó kù. Ilé kan náà ni gbogbo wọn! Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣèwádìí, wọ́n rí i pé ọkùnrin tó bá bẹ̀bẹ̀ máa ń pàdánù aya rẹ̀. Mo wá ìwádìí yẹn títí. Kò sí níbì kankan. Ó jókòó sílé, ó rò ó, ó kọ ọ́. Ìwọ wá fi ọ̀rá wé e."

Junrey na ọwọ́ láti di tirẹ̀ mú. Lorelie sún sẹ́yìn.

"Gbọ́ mi. Mo lè fẹ́ ọkùnrin tí wọ́n tàn jẹ. Wọ́n ti tan èmi náà jẹ rí. Àmọ́ lánàá, o rí àwòrán náà. O rí ìyá rẹ. Lẹ́yìn tí o rí i tán lo tún jókòó, o fi ọwọ́ ara rẹ tẹ irọ́ mìíràn. Ẹnikẹ́ni ò tàn ọ́ jẹ níbẹ̀. Ìwọ ni o."

"Kí ni kí n wá ṣe? Sọ ọ́, màá ṣe é. Lorelie, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Kò sí ohun tí o lè ṣe fún mi mọ́. O jẹ bàbá mi ní gbèsè òtítọ́. San án fún un, kì í ṣe nítorí pé o máa rí mi fẹ́."

Ó gbé ìwé náà lé orí ẹ́ńjìnnì, níbi tí òróró ti rin jù, ó sì lọ. Ó sunkún láti etíkun títí dé títì, kò bo ojú, àwọn obìnrin tó ń sá ẹja sì gbé orí sókè wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè ni ọ̀rọ̀ tuntun tí Junrey kọ dé, ní àkókò ìsinmi. Lorelie wà ní tábìlì rẹ̀ ní kíláàsì. Ìlà márùn-ún ni. Orúkọ Junrey wà lókè, ọjọ́ wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun pín ìròyìn tí òun kò kà, pé òun kò tiẹ̀ rí àwòrán rẹ̀, pé ìyá òun ló wà nínú rẹ̀ tó ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ Kapitan. Ó kọ ọ́ pé kò sí olè kankan tó wọ fóònù òun, irọ́ nìyẹn náà. Ó bẹ Tatay Isidro lórúkọ. Nanay Pasing ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: òótọ́ ni, èmi ni mo ru àpò yẹn.

Lorelie kà á bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti kàwé. Ta ló kọ ọ́, ìgbà wo, kí ló máa jèrè, ta tún ló sọ ọ́. Ó wá ibi tí irọ́ lè sá pamọ́ sí. Kò rí i. Ó gbà á gbọ́, gbogbo rẹ̀ pátá.

Fóònù náà dún lọ́wọ́ rẹ̀. Junrey ló ń pè. Ojú rẹ̀ hàn, àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí àwọn méjèèjì lọ wo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tì sójú omi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rẹwà síbẹ̀. Lorelie jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Ó tún dún. Aago lù, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó yí ojú fóònù náà dé orí tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, inú ṣì ń bí i débi pé ṣọ́ọ̀kì náà kán lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ àkòrí iṣẹ́ ọjọ́ náà tán.