Ìbéèrè Tí Fóònù Ń Bi Màmá

Kọ̀ǹpútà mi lágídí, ṣùgbọ́n Màmá mi ni ọ̀gá rẹ̀.

Lọ́dún tí ìjọba ti bódà ni Toheebat, àbúrò mi tó lọ́kọ sí Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́hùn-ún, bímọ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwa jókòó sílé ní Ìlárá bí ẹni tí òjò sé mọ́lé. Kétu tí Màmá máa ń gun ọ̀kadà lọ ná ọjà ti wá jìnnà ju Mẹ́kà lọ. Ààfáà tó wà lọ́dọ̀ Toheebat ní òun yóò dúró díẹ̀ kí Màmá fi ẹnu ara wọn pe orúkọ tí wọ́n fún ọmọ náà lórí fídíò, ṣùgbọ́n òun kò ní pẹ́.

Fóònù tèmi ti já sómi. Ti Màmá ní dátà, àmọ́ kò lágbára fídíò. Ni mo bá ní kí n fi wáyà fa dátà náà wọ kọ̀ǹpútà mi, ògbólógbòó tí mo fi Línúùsì sí, tí Wáífáì rẹ̀ ti kú.

Wáyà àkọ́kọ́, iná nìkan ló ń gbé. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo tẹ lsusb: kọ̀ǹpútà rí fóònù. Mo wá usb0, ọ̀nà tí dátà yóò gbà wọlé: òfo. Mo pa NetworkManager tó ń darí ìsopọ̀ dátà, mo tún un tan. Òfo. Mo bú kọ̀ǹpútà, mo bú ẹni tó tà á fún mi.

Màmá di fóònù wọn mú pinpin lórí itan, nítorí Toheebat lè pè.

"Rodiat, má pariwo mọ́ ọn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù yẹn ò sọ nǹkan kan?"

"Ó ń sọ. Gbogbo ìgbà tó o bá ti wáyà bọ̀ ọ́ ló ń bi mí ní nǹkan. Mo sì ń dá a lóhùn."

"Kí lẹ ń sọ fún un?"

"Non."

Mo dìde dúró. Kétu ni wọ́n ti ra fóònù náà, Faransé ló ń sọ. Ó ń bèèrè bóyá kí òun gba kọ̀ǹpútà láàyè, ìyá mi sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn bí ìjọba ṣe ti bódà.

"Màmá! Kí ló dé?"

"Ẹni tó bá fi Faransé bi mí ní ohun tí n ò gbọ́, non ni. Mo sọ oui lọ́jà Kétu lọ́jọ́ kan, wọ́n di ewúrẹ́ aláìsàn lé mi lọ́wọ́."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Mo fẹ́ràn ìyá mi yìí, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo yọ wáyà, mo tún un tì bọ̀ ọ́. Ìbéèrè náà yọ. Màmá wò mí bí ẹni tó fẹ́ tà wọ́n, wọ́n wá tẹ Oui. Ìgbà náà ni fóònù tó gbà kí n tan pínpín dátà, usb0 sì yọjú.

Kò pẹ́, Toheebat náà yọjú lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ lọ́wọ́. Ààfáà ní kí Màmá pe orúkọ.

Màmá pè é: "Ìbídàpọ̀."

Wọ́n ṣe àmín lọ́hùn-ún, a ṣe é níhìn-ín.

Ni Mẹ̀dínátù, ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun, tó ń lọ iléèwé Faransé, bá ti ojú bọ kámẹ́rà. "Mémé, tu viens?"

Màmá yíjú sí mi. Mo ní ó ń bi ìyá àgbà rẹ̀ bóyá wọ́n ń bọ̀.

Wọ́n wo ọ̀nà bódà láti ojú fèrèsé. Wọ́n wá sún mọ́ kọ̀ǹpútà bíi pé wọn yóò gba ibẹ̀ kọjá.

"Oui," ni Màmá wí. "Oui, ọmọ mi. Oui."