Òbúkọ Tó Béèrè Ọmọ Mi ní Wagadúgù

Oorun tí mo sùn mọ́jú òní kì í ṣe oorun ìsinmi, ẹ̀yin ìyá mi nínú ẹgbẹ́ àdúrà. Àlá ni mo lá, kò sì tíì kúrò lójú mi. Mo ní kí n tètè fi ohùn ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù kí n tó gbàgbé. Ẹ̀yin lẹ sìn wá dé ibùdókọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ tẹkúntẹkún, ẹ̀yin náà ló yẹ kó gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ mọ̀ pé a ò tíì pẹ́ ní Wagadúgù níbí. Ilé tí ìjọ gbà fún wa ò tíì ní àga, orí ẹní la ti ń jẹun, erùpẹ̀ pupa sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó ní ilé. Bàbá Mofiyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Faransé, torí èdè náà la máa fi ṣiṣẹ́ ìhìnrere níbi tí wọ́n rán wa wá. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀, Mofiyìn ọmọ wa ni mò ń tọ́jú. Ọ̀rọ̀ kan ló ti yọ̀ mọ́ ọkọ mi lẹ́nu, "Wíì", ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni". Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, wíì ni. Mo ní ṣé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi í ni? Ó ní àlejò tó bá ń jiyàn, ta ni yóò kọ́ ọ lédè? Ẹ sáà mọ̀ ọ́n, ọmọlúàbí ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà.

Lójú àlá, mo jókòó sórí ẹní, mò ń ṣa ẹ̀wà. Àpótí tí a di aṣọ wa sí bá dìde. Ó rìn wá síwájú Bàbá Mofiyìn, ó sì bi í ní nǹkan kan lédè Faransé. Ohùn rẹ̀ tutù, ohùn ẹni tó kàwé. Bàbá Mofiyìn tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Wíì." Àpótí náà tẹríba, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo aṣọ wa. Mo bi ọkọ mi pé kí ni àpótí sọ. Ó ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ṣé mo gbọ́ bí òun ṣe dá a lóhùn, ahọ́n òun ò kọsẹ̀ rárá. Mo ní mo gbọ́. Mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.

Ògiri ló tún béèrè tirẹ̀. Wíì. Ògiri yẹra, ó bọ́ sójú títì, a wá ń wo ìta láti orí ẹní. Kò sí èèyàn kankan níta. Alùpùpù ló ń kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí ẹni tó gùn wọ́n. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dé iwájú wa, á dúró, á tan iná wò wá, á sì máa lọ. Lẹ́yìn náà ni gílóòbù orí àjà sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ kó tó ní wíì. Òjìji mi bá dìde nílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sì tẹ̀lé àpótí lọ. Kò wẹ̀yìn. Ẹ̀rù ò bà mí, inú ló kàn ń bí mi díẹ̀, torí èmi àti òjìji yẹn ti jọ pẹ́.

Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, pé ó yẹ ká lọ wádìí ohun tó ń gbà fún wọn. Ó ní ọ́fíìsì kan wà fún un. Mo pọn Mofiyìn, a lọ.

Ojú sánmà ni ọ́fíìsì náà wà, ó ga díẹ̀ ju igi máńgòrò lọ, kò sì sí òpó lábẹ́ rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. A kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó mi orí, la bá bá ara wa nínú ọ́fíìsì. Àwọn tọkọtaya bíi tiwa kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n mú Bíbélì dání, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì sí ẹni tó ní òjìji nínú wọn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó kọ pélé. Inú mi dùn pé mo rí èèyàn ilé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, mà." Ó la ẹnu láti dá mi lóhùn. Ó wá ohun tí wọ́n ń fi dáhùn títí, kò rí i. Omi sì ń jáde lójú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ò kúrò.

Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì wọ kóòtù, ó de táì. Ó bi ọkọ mi ní ọ̀rọ̀, ọkọ mi ní wíì, ó lu òǹtẹ̀. Irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀. Ó tún bi í, wíì, òǹtẹ̀, etí rẹ̀ gùn. Nígbà tó máa fi lu òǹtẹ̀ kẹ́yìn, òbúkọ ló jókòó síbẹ̀, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá Mofiyìn ò dẹ́kun àti máa pè é lọ́gàá. Èmi kàn fa ìró mi mọ́ra, torí a kì í gbẹ́kẹ̀ lé òbúkọ níbi tí aṣọ bá wà.

Òbúkọ yẹn wá yí ojú kúrò lára ọkọ mi. Ẹ̀yìn mi ló ń wò, níbi tí Mofiyìn wà. Ó rọra béèrè ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Ẹ̀yin ìyá mi, n ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n èyí yé mi. Inú tí mo fi gbé ọmọ náà ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Mo fò mọ́ ọkọ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu rẹ̀. Wíì náà ń jò láàárín ìka mi bí omi. Mo kígbe mọ́ òbúkọ, mo ní, "Rárá!" Rárá náà bọ́ sórí tábìlì. Òbúkọ gbóòórùn rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Mo tún sọ òmíràn, ó tún jẹ ẹ́. Mo sọ gbogbo rárá tó wà nínú mi, ó ń jẹ wọ́n bí ewé, mo sì ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lọ̀ wọ́n.

Ìgbà náà ni Mofiyìn tú ọ̀já, ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lọ síwájú tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá òbúkọ sọ Faransé, ọ̀rọ̀ gígùn, kò dúró mí. Òbúkọ na pátákò sí i, ó dì í mú. Mo pe oríkì ọmọ mi, mo ní, "Àníkẹ́!" Ó yíjú padà. Ó wò mí tìwàtìwà, bí ọmọ ṣe ń wo ìyá ẹlòmíràn.

Mo jí. Oòrùn ti dé ara ògiri, ògiri ò sì lọ síbì kankan. N ò bá ọmọ lórí ẹní. Mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi tó ń sọ pé "Wíì, wíì, màdáàmù." Ẹ̀yin ìyá, n ò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbá ọmọ mi mú níwájú wọn. Aládùúgbò wa kan ni, ó gbé àwo búrẹ́dì dání. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó bo àwo rẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Mo bi ọkọ mi pé kí lobìnrin yẹn ń béèrè. Ó ní ó ń kí wa ni. Mofiyìn ní, "Kò kí wa, Màmá. Ó béèrè pé ṣé mo ti jẹun. Dádì ní mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun."

Bàbá rẹ̀ wolẹ̀. Mo bi Mofiyìn pé ta ló kọ́ ọ ní ohun tí obìnrin náà sọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, ṣé èmi náà ò gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ ọ́ ni? Mo gbé e jókòó sórí itan, mo ní kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ "rárá" níbí.

Ó sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó wo ẹnu mi fún ìgbà díẹ̀, ó rọra mi orí, ó ní, "Kò tíì dáa, Màmá. Tún un sọ."