Ihò Kọ́kọ́rọ́ Lára Igi Apá

"Èyí tó dúdú jù," ni Safiatou wí. Ó nàka sí èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn pákó pẹlẹbẹ tí Ìlọ̀rí káfíńtà tò sẹ́sẹ̀ ògiri ilé ìdáná obìnrin náà.

Ìlọ̀rí gbé pákó náà sójú fèrèsé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Màdáàmù, èyí á mú kí ibí yìí ṣókùnkùn o. Ẹ ò ṣe mú èyí tó pọ́n díẹ̀?"

"Dúdú ni mo fẹ́. Dúdú kì í tètè fi èéfín hàn. Kó gba ògiri yìí láti igun dé igun, kí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ní kọ́kọ́rọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Ọ̀gá Ìlọ̀rí."

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí bá Ìlọ̀rí délé. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló sì wà títí di ọdún tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn. Ó ti kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná fún dókítà níbẹ̀, ó ti kan án fún lọ́yà. Ṣùgbọ́n orí pẹpẹ nínú àgbàlá ni àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú rẹ̀, ń da ìkòkò dé sí. Láti ìgbà tó ti padà dé, Safiatou ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kó kan irú rẹ̀ fún òun. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jẹun. Àmọ́, kí ló wà nílé ìdáná tí èèyàn ń tì? Safiatou kò ní orogún. Agbẹ̀bí ni nílé ìwòsàn, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Òun, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo àti Àwáwù, ìyá tó bí i, ló ń gbé inú ilé náà lẹ́sẹ̀ òkè. Ta wá ni wọ́n ń ti iyọ̀ mọ́?

Igi apá ló fi ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó rẹ ìṣó tó ti dógùn-ún sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ títí omi náà fi dúdú bí aró, ó fi pa pákó ní àpatúnpa, ó fi bébà ìfági fá a, kó tó wá fi fáníṣì lé e. Àwọn tó ń kọjá lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ń yà wò ó. Norbert tó ń ṣe kẹ̀kẹ̀ lódìkejì ọ̀nà tiẹ̀ bi í pé, "Kàmárádì Ìlọ̀rí, ṣé mínísítà ló ń bọ̀ wá gbé Ṣábẹ̀ẹ́ ni?"

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sára ògiri, Àwáwù, ìyá Safiatou, kì í jìnnà sí i. Á wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, á fọwọ́ pa igi náà, á gbóòórùn rẹ̀.

"Apá ni," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Òun ló wà lára ilẹ̀kùn bàbá mi ní Kábúà."

"Ẹ mọ igi, Ìyá."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó wá fọwọ́ wá abọ́ tánńganran funfun kan lórí tábìlì tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lára abọ́ náà, ó padà, ó tún kọjá, kó tó bà á. Ó gbé e sórí pẹpẹ kọ́bọ́ọ̀dù dúdú náà. Nígbà tó tún fẹ́ mú un, tààrà ni ọwọ́ rẹ̀ lọ bá a.

Ìlọ̀rí dá òòlù dúró lókè. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò wá a kiri lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ohun funfun lórí ohun funfun, ìkuukùu ni lójú mi. Àmọ́ lórí igi rẹ yìí, mo rí i kedere." Inú rẹ̀ dùn. Ó ń fi ìka tọ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lọ bí ẹni ń wo aṣọ tuntun, àfi bí ìka náà ṣe dúró. "Ihò kí nìyí?"

Ìlọ̀rí kò fẹ́ purọ́. "Ihò kọ́kọ́rọ́ ni, Ìyá."

Ìyá bọ́ sí ilẹ̀kùn kejì, ó bọ́ sí ìkẹta, ó wá ihò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé igun. Ó jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí ọ̀nà, ibẹ̀ ni Safiatou sì bá a nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Safiatou, èmi lo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́?"

Safiatou wo Ìlọ̀rí. Ìlọ̀rí wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ rántí ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn." Ó yíjú sí káfíńtà. "Ọ̀gá Ìlọ̀rí, epo àtùpà ni wọ́n dà sínú ọbẹ̀, wọ́n rò pé òróró ẹ̀pà ni. Ọmọ mi ti gbé e mì kí n tó dé ibẹ̀. Èmi tí mo máa ń gba ọmọ olọ́mọ lọ́wọ́ ikú, ọmọ tèmi wà lọ́wọ́ mi, mo ń pariwo bí aṣiwèrè."

"Màdáàmù, bí mo bá yọ àwọn kọ́kọ́rọ́ yìí, bóyá—"

"Ẹ má yọ nǹkan kan! Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́."

Ìlọ̀rí gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Lóòótọ́, òun kọ́ ló gbọ́ ọ.

"Èmi náà gbọ́ ọ," ni Ìyá wí. "Mo ṣì ń gbọ́ ọ." Ó dìde, ó fọwọ́ tọ kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó gbá ilẹ̀kùn tó wà ní igun. "Ti èyí. Epo àtùpà, oògùn eku, kó gbogbo wọn síbí, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà lọ́rùn rẹ. N kò ní béèrè rẹ̀ láé. Àmọ́ bí o bá ti iyọ̀ mọ́ mi, Safiatou, kí ni mo wá ń ṣe nínú ilé yìí?"

Safiatou súnmọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn igun náà, ó tì í, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó tún fa ilẹ̀kùn náà wò bóyá ó tì dáadáa.

"Ẹ fi ti igun sílẹ̀," ló sọ fún Ìlọ̀rí. "Ẹ yọ ìyókù."

"Àwọn ihò náà ńkọ́, Màdáàmù?"

Ìyá ló dáhùn. "Ṣé o ní igi tó funfun?"

Arère, igi tó funfun, wà lọ́wọ́ Ìlọ̀rí. Ó gbẹ́ èèkàn kéékèèké, ó kàn wọ́n mọ́ inú ihò, ó jẹ́ kí orí wọn yọ síta. Safiatou kó èlò ọbẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ìyá na ọwọ́, ó di ọ̀kan mú, ó fà á. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó mú iyọ̀, ó mú àlùbọ́sà, ó mú ọ̀bẹ.

Safiatou na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gba ọ̀bẹ, ó fà á padà. Ó fa àpótí tí ìyá rẹ̀ dìde lórí rẹ̀, ó jókòó, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, ó ń wo bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rẹ́ àlùbọ́sà.